Ìka Méjì ni Ìlẹ̀kùn Fi Hàn

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 3 oṣù Kẹsàn-án, 2024
Maren, ọmọ Ìlẹ̀kùn ọ̀rẹ́ mi, pè mí láàárọ̀. Ẹgbẹ́ béèsìbọ́ọ̀lù wa àtijọ́ fẹ́ ṣe ìrántí àádọ́ta ọdún àṣekágbá 1974 ní pápá, lọ́jọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù yìí. Wọ́n ní kí n wá sọ̀rọ̀. Wọ́n á tún gbé fíìmù bọ́ọ̀lù tó bọ́ mọ́ Ìlẹ̀kùn lọ́wọ́ sára ògiri ńlá. Ta ni ò mọ bọ́ọ̀lù yẹn?
Ó ní, "Bàbá Wendell, ọdún mẹ́rìnlá ni bàbá mi fi hán bọ́ọ̀lù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ ìyókù."
Mo ní màá sọ ọ́. Kọfí mi ti tutù kí n tó rántí rẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, 5
Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ̀rọ̀ náà. Orrin Tolliver. Àwa ẹgbẹ́ rẹ̀ la sọ ọ́ ní Ìlẹ̀kùn, torí pé bọ́ọ̀lù kì í gba ẹ̀yìn rẹ̀ kọjá. Èmi á jù ú, òun á lóṣòó sẹ́yìn ẹni tó mú igi tó fẹ́ fi gbá a, á hán an. Èyí tí ọwọ́ rẹ̀ ò bá ká, á fi àyà gbà á. Mẹ́ta nínú ìka ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ló ti wọ́. Mo ti rí i lórí eékún tó ju bọ́ọ̀lù, tó fi lé ẹnì kan tó fẹ́ yọ́ sáré lọ sí ìdúró kejì jáde nínú pápá. Lọ́jọ́ tí Joanne ìyàwó mi ń rọbí, òun ló wa ọkọ̀ gbé mi lọ bá a — wákàtí márùn-ún nínú òjò, a ò tíì bọ́ aṣọ eré lọ́rùn.
Lẹ́yìn gbogbo ìyẹn, bọ́ọ̀lù kan. Ẹyọ kan. Ni aráyé bá ń pè é ní Ìlẹ̀kùn Ṣíṣí.

Ọjọ́ Àìkú, 8
Ọkùnrin orí rédíò ń fi ìrántí náà ṣẹ̀fẹ̀. Ó ní ìyá òun àgbà ì bá hán bọ́ọ̀lù yẹn. Mo pa rédíò. Láti ìgbà tí Joanne ti kú, rédíò nìkan ló ń bá mi sọ̀rọ̀ nínú ilé yìí. Ilé wá dákẹ́ bí ẹni pé èmi náà ò sí níbẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, 13
Mo lọ sí Keokuk, sí ilé àwọn àgbà tí Ìlẹ̀kùn wà. Àgbàdo ti gbẹ lọ́tùn-ún lósì. Láti Kérésìmesì ni mo ti ń sún lílọ yẹn síwájú — ẹ̀rù ló ń bà mí, kí n má purọ́.
Ìlẹ̀kùn ò mọ̀ mí. Maren ní òun gan-an, bàbá òun ti gbàgbé orúkọ òun. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ wà láàárín itan, ó ń na ìka: kan, méjì, kan, mẹ́ta. Maren rò pé ó ń ka nǹkan ni. Mo ní kò ka nǹkan kan, iṣẹ́ ló ń ṣe. Ẹni tó ń hán ló máa ń fi ìka sọ èyí tí ẹni tó ń jù máa jù. Ìka kan, kó lọ tààrà. Méjì, kó tẹ̀ kó sì wálẹ̀.
Maren sọ fún mi pé nílé ìwé, tí òun bá ti ń bọ̀, àwọn ẹgbẹ́ òun á sáré ṣí ìlẹ̀kùn kíláàsì sílẹ̀ gbayawu, wọ́n á tẹ̀ba bí ìránṣẹ́. Ó rẹ́rìn-ín. Èmi ò lè rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́ Àìkú, 15
Ìwà Ìlẹ̀kùn kan. Tí ẹni tó ń jù bá ṣe àṣìṣe, tí kóòṣì ń bọ̀ tìbínú-tìbínú, kó tó la ẹnu, Ìlẹ̀kùn á ti sọ pé, "Èmi ni. Ìka tí kò yẹ ni mo nà." Gbogbo wa ló ṣe é fún. Ó ní ẹrù ọ̀dọ́ tó ń jù bọ́ọ̀lù ti pọ̀ tó.

Ọjọ́ Ajé, 16
Mo ti ya ìwé mẹ́rin. Ọ̀rọ̀ náà ò ṣeé kọ.

Ọjọ́ Ẹtì, 20
Kí n kọ ọ́ síbí kí n tó kú.
Àṣekágbá 1974. Ọ̀mì la wà. Ọ̀tá kan ti dé ìdúró kẹta, èyí tó kẹ́yìn kó tó wọlé. Tó bá lè sáré wọlé báyìí, ó parí, wọ́n ti borí. Ìlẹ̀kùn na ìka méjì. Mo rí i kedere. Mo mi orí pé mo gbọ́. Ṣùgbọ́n méjì tó tẹ̀ ti ń yọ̀ mọ́ mi lọ́wọ́ lọ́jọ́ náà, ẹ̀rù bà mí. Mo jù ú tààrà. Ìsàlẹ̀ ló ń retí rẹ̀ sí. Bọ́ọ̀lù fò kọjá lórí ìbọ̀wọ́ rẹ̀, ó lọ kan ògiri, ọ̀tá sì sáré wọlé.
Orúkọ rẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́ mọ́. Nínú yàrá ìpààrọ̀ aṣọ, ó sọ fún àwọn oníròyìn pé, "Èmi ni." Mo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo tẹ̀ba, mò ń tú okùn bàtà tí mo ti tú tẹ́lẹ̀.
Mi ò sọ fún Joanne rí.

Ọjọ́ Àìkú, 22
Mo sọ fún Maren lójúkojú. Ó ní,
"Ọmọ ọdún méje ni mí nígbà yẹn, sà."
Mo ní mo mọ̀. Mo fẹ́ bẹ̀ ẹ́. Kò jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀.
"Ẹ má bẹ̀ mí. Ẹ lọ sọ ọ́ ní pápá, kí gbogbo wọn gbọ́."

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 28
Mo sọ ọ́. Mo kọ́kọ́ sọ ọdún mẹ́rìnlá náà, ìka tó wọ́, àyà tó fi ń gba bọ́ọ̀lù. Lẹ́yìn náà ni mo sọ tèmi. Àwọn kan hó lé mi lórí — ẹ̀tọ́ wọn ni. Maren ò jókòó tì mí. Nígbà tí mò ń jáde, ó gbé kóòtù tí mo gbàgbé wá bá mi, ó ní òtútù ń mú, ó sì lọ.

Ọjọ́ Àìkú, 29
Keokuk. Mo fa àga sún mọ́ Ìlẹ̀kùn.
Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, mo ti sọ fún wọn. Ìka méjì lẹ nà. Èmi ni mo jù ú tààrà."
Ó wo ojú mi. Mi ò mọ ẹni tó rí níbẹ̀. Bóyá èmi, bóyá ọ̀dọ́ kan ṣáá tí ẹ̀rù ń bà. Ó mi orí pé rárá. Ó ti ọwọ́ bọ àárín itan, ó na ìka kan ṣoṣo, èyí tó wọ́ jù.
Ó ní, "Ọ̀kan ni mo nà. Èmi ni."
Maren wà lẹ́nu ọ̀nà, ó gbọ́ ọ. Ó yíjú sí ògiri, ó ń sunkún.
Méjì ni, Ẹ̀gbọ́n. Mo ti kọ ọ́ síbí. Méjì ni.