Oyè Tí Jìmí Lọ Wá Lójú Ogun

Àkànrán. Ọjọ́ Ajé, 4 Máàṣì 1861
Ewúrẹ́ méjì àti igba obì tí ìgbìmọ̀ Ìbàdàn bù lé wa ní ìtanràn, mo ti kó wọn lọ. A ò jẹ wọ́n ní nǹkan kan mọ́. Ewúrẹ́ kan ló ṣẹ́ kù — ìyẹn sì lóyún.

Iṣẹ́ ọwọ́ Ìyá Ọ̀yọ́ ni — ohun tí mo ń pe Àrínọlá, ẹ̀gbọ́n Ìyàndá, olóògbé ọkọ mi tó jẹ́ Baálẹ̀, níkọ̀kọ̀. Òun ló gbé fìlà Baálẹ̀ lé Jìmí ọmọ mi lórí lójú gbogbo abúlé. Ní Ọ̀yọ́ tí wọ́n ti bí Àrínọlá, oyè baba lọmọ ń jẹ. Mo ní Ìbàdàn kò lọ́ba, àwọn ìjòyè ló jókòó ṣòfin, wọn kì í fi oyè ṣogún. Ó ní ìwé tí mo kà ní Sàró ti bà mí lórí jẹ́.

Ẹtì, 8
Baba Jẹ́jẹ́ wá. Lìádì gan-an lorúkọ rẹ̀, ìjòyè tí abúlé wa wà lábẹ́ rẹ̀. Kì í gbóhùn sókè. Ó ní bí Jìmí bá fẹ́ oyè, kó wá a lọ sí ibùdó ogun Ìjàyè. Àwọn tó ń jagun ni ìgbìmọ̀ ń fi joyè.
"Mi ò fipá mú un o, ìyá Jìmí."
Kò fipá mú un lóòótọ́. Mo wojú ọmọ náà, mo mọ̀ pé ó ti lọ.

Àìkú, 10
Ó lọ. Èlùbọ́, iyọ̀, ata gígún, bàtà baba rẹ̀. Ó ní òun á padà wá jókòó sórí àga baba òun. Mo ní àga wo? Àpótí ni Ìyàndá ń jókòó lé. Ó rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́bọ̀, 14
Òjò. Èmi nìkan ni mo gbin àgbàdo.

Ọjọ́rú, 20
Ọmọ Ṣítù alágbẹ̀dẹ dé láti ibùdó, ẹsẹ̀ kan ló gbé bọ̀. Ó ní Jìmí wà, iwájú ló máa ń wà. Kò tù mí nínú.

Ajé, 25
Ìròyìn ayọ̀, wọ́n ní. Wọ́n ti fi Jìmí joyè. Oyè ogun — ti abúlé di ìgbà tí ogun bá parí. Ẹni tó wà lórí ẹ̀ ṣubú lójú ogun lọ́jọ́ Ẹtì. Èyí tó ṣáájú rẹ̀ ṣubú nínú oṣù kan náà. Bí àyè bá ṣí, ẹni tó kàn á bọ́ sí i. Bí wọ́n ṣe to ìlú yìí nìyẹn. Ó dáa, kò sí ọmọ ọba tí yóò jókòó sílé jẹ òógùn ẹlòmíì. Ṣùgbọ́n iwájú ni olóyè yìí ń dúró.

Ìyá Ọ̀yọ́ jó yí agboolé ká. Mo bá a jó díẹ̀, torí àwọn èèyàn ń wò.

Ìṣẹ́gun, 26
Mo rìn dé Ìbàdàn. Mo kúnlẹ̀ fún Baba Jẹ́jẹ́. Mo ní kí ìgbìmọ̀ gba oyè ogun, kí wọ́n gba ti abúlé, kí wọ́n fi ẹni tó bá wù wọ́n jẹ ẹ́. Kí wọ́n ṣáà dá ọmọ mi padà.
Ó ní: "Èmi nìkan kọ́ ni ìgbìmọ̀. Ẹni tó bá joyè tó sì sá lójú ogun, kò nílùú mọ́."
Mo ní kó wà láìnílùú, Baba, kó ṣáà wà.
Ó wolẹ̀. Ó bi mí bóyá Jìmí mọ̀ pé mo wá. Mo ní rárá.
Ó ní òun á gbé ọ̀rọ̀ mi síwájú ìgbìmọ̀ lọ́la. Ìránṣẹ́ rẹ̀ yóò mú èsì wọn dé ọ̀dọ̀ mi lọ́jọ́bọ̀, ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n.