Ayé Ń Mì Díẹ̀, Iṣẹ́ Wa Dúró Pátápátá

Bàbá mi, ẹni tí kì í jẹ́ kí iṣẹ́ sùn,

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ka ohun tó bàjẹ́. Sìmẹ́ǹtì ti ń dì nínú àpò. Òjò ń wọ mọ́ṣáláṣí tí ẹ bẹ̀rẹ̀ ní àdúgbò Koko, nítorí ògiri iwájú, ibi tí Lèmọ́mù yóò máa dúró sí, kò tíì kọjá orúnkún. Àwọn bíríkìlà ti gba iṣẹ́ mìíràn lọ sí àdúgbò Nimbo. Lèmọ́mù mọ̀. Gbogbo àgbààgbà Ògbómọ̀ṣọ́ tó wà nílẹ̀ òkèèrè níbí mọ̀. Bàbá Àgbà, ẹ̀gbọ́n yín, ló dá iṣẹ́ dúró, kò sì sẹ́ni tó lè bá wọn wí.

Ẹ gbọ́ ìdí rẹ̀. Níbi fídáù yín, wọ́n bi Sàlámátù, àbíkẹ́yìn yín, ohun tó ń kọ́ ní yunifásítì. Ó mú òkòtó tí ẹ máa ń ta fún wa lẹ́yìn ìrun alásárì, ó ta á. Ó ní báyìí ni ayé ṣe ń yí, tí orí rẹ̀ sì ń mì díẹ̀díẹ̀, torí afẹ́fẹ́ àti omi òkun kì í dúró sójú kan. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó fi kọ̀ǹpútà ṣírò ibi tí yóò mì sí. Ó ní gbogbo ibi tí orí náà ń mì dé ò ju àgbàlá wa lọ.

Bàbá Àgbà ò gbọ́ àgbàlá. Pé ayé ń mì nìkan ni wọ́n gbọ́. Ta ló wá mọ̀ bóyá okùn tí ẹ nà fún ògiri yẹn ṣì kọjú sí Mẹ́kà? Sàlámátù ní ìyàtọ̀ rẹ̀ ò tó fọ́nrán irun kan. Wọ́n ní kó lọ jókòó. Ẹni tó mọ bó ṣe ń mì gan-an ni wọ́n pa lẹ́nu mọ́. Kò wá sí Koko mọ́.

Wọ́n ti wá gbàdúrà pé kí ẹ̀yin tí ẹ na okùn fẹnu ara yín sọ fún wọn lójú àlá. Àlá ọ̀hún la ń dúró dè. Níbi tí mo ti kọ́ bí a ṣe ń darí iṣẹ́, wọn ò kọ́ wa bí a ṣe ń fi àlá sínú ètò. Àwọn Jùlá aládùúgbò ń bi mí bóyá ayé àwọn Anago, bí wọ́n ṣe ń pe àwa Yorùbá níbí, ti jókòó.

Ṣé ẹ rántí bí ẹ ṣe ń fi àtẹ́lẹwọ́ gba òkòtó bó bá fẹ́ ṣubú? Kí ló dé tí ẹ ò wá gbà á báyìí? Èmi ń lá àlá yín, Bàbá mi. Ẹ ó wá, ẹ ó rẹ́rìn-ín, ẹ ò ní mẹ́nu kan ògiri. Èmi kọ́ ló yẹ kí ẹ wá bá.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ bá ẹ̀gbọ́n yín. Ẹ sọ fún wọn pé okùn náà tọ́. Ó pẹ́ tán, kí Jímọ̀ tó ń bọ̀ tó kọjá. Bí ilẹ̀ Sátidé bá mọ́ tí ẹ ò tíì lọ, èmi ni n ó kó àwọn bíríkìlà dé, Sàlámátù ni yóò sì di orí okùn mú.

Ọmọ yín tí kò mọ dídúró, tó sì ń dúró dè yín.