Ojú Bàbá àti Púlọ́ọ̀gì Ọkọ̀ Eré Ìje

Bàbá mi àgbà,

Mo kí yín, mo kí ìyàwó yín àtàwọn ọmọ. Ẹsẹ̀ tó ń dun ìyá wa ti fúyẹ́ díẹ̀.

Ọ̀rọ̀ bàbá wa ni mo tìtorí ẹ̀ kọ̀wé. Ọkọ̀ eré ìje kan wà ní ṣọ́ọ̀bù wa tó ń wúkọ́ tí wọ́n bá tẹná mọ́ ọn. Mo yọ púlọ́ọ̀gì tó ń tanná sí ẹ́ńjìnnì ẹ̀, ó dúdú bí ìdí ìkòkò. Bàbá gbé e súnmọ́ ojú, wọ́n ní, "Ó mọ́ tónítóní. Dá a padà." Mo rò pé àwàdà ni, àfi ìgbà tí wọ́n ń táràrà wá sípánà tó wà níwájú wọn.

Mo ní ká lọ síléèwòsàn. Wọ́n ní, "Kí wọ́n tó bí ẹ ni mo ti ń fojú yìí ṣiṣẹ́."

Mo pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì náà lẹ́yìn wọn. Àmọ́ àwọn fúnra wọn ló máa ń wa ọkọ̀ dán wò, wọ́n sì ní Sátidé làwọn máa wà á. Ìyá wa sunkún títí, etí ikún ni wọ́n kọ sí wa. Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wọn nìkan ni wọn ò lè já ọ̀rọ̀ yín dànù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pè wọ́n kó tó di Sátidé.

Kí Ọlọ́run má jẹ́ kẹ́ ẹ sunkún àbúrò. Mo ti tún ọkọ̀ náà ṣe, bàbá mi àgbà. Eré tó ń sá báyìí ló ń bà mí lẹ́rù.

Èmi ọmọbìnrin yín,
Ìyá Mẹkáníìkì