Iná Lọ, A Ò Ti Ṣọ́ọ̀bù: Sí Ìyá Mi ní Ṣakí

Ẹ kú ilé o, ìyá mi. Bàbá mi, mo wà lórí ìkúnlẹ̀, ẹ kú iṣẹ́ oko. Ẹ̀yin ìyàwó ilé gbogbo, mo kí yín. Mo mọ̀ pé ẹ ó ní kí wọ́n ka lẹ́tà yìí sókè.

Bùrọ̀dá Láyí jíṣẹ́ yín. Ẹ ní ẹ gbọ́ pé iná mànàmáná Olódò níbí kì í dúró, pé aṣọ oníbàárà ń sùn sí mi lọ́wọ́, pé kí n pa iṣẹ́ àgbàfọ̀ tì kí n máa bọ̀ nílé. Òótọ́ ni wọ́n sọ fún yín, wọn ò kàn sọ ọ́ tán ni.

Òjò ti ń lọ sópin, ìkórè ìjọ aládùúrà ẹ̀yìnkùlé wa sì kù sí dẹ̀dẹ̀. Gbogbo sùtánà funfun wọn wà lọ́dọ̀ mi. Ìyá Ìjọ ti wí fún mi pé bí aṣọ ò bá délé kí ọjọ́ Àìkú tó mọ́, ìgboro Ìbàdàn làwọn ó máa gbé e lọ. Àwọn ni oníbàárà mi tó pọ̀ jù. Bí wọ́n bá lọ, ṣọ́ọ̀bù tì nìyẹn. Láàárọ̀ Sátidé, mo ki áyọ́ọ̀nù bọ iná, ó tutù bí òkúta.

Mo lọ sí ọ́fíìsì àwọn oníná. Akọ̀wé ní kí n padà wá ní Mọ́ńdè. Mo ní ṣé Mọ́ńdè ni ìkórè ni? Ó ní kí n ní sùúrù. Ẹ mọ èmi àti sùúrù. Ohun tí wọ́n kọ́ wa nílé ẹ̀kọ́ òwò ni pé oníbàárà kì í ra àwáwí.

Mo yá áyọ́ọ̀nù eléèédú lọ́wọ́ gbogbo télọ̀ àdúgbò. Ìyá Ráfíù, alábàágbé mi tó ń ta èédú, ní Ọlọ́run aládùúrà ló mú iná lọ kí ọjà òun lè tà. Mo ní kó fi ọpẹ́ sílẹ̀, kó gbé àpò wá. Mo ránṣẹ́ sí àwọn akọrin pé ẹni tó bá fẹ́ wọṣọ lọ́la kó wá lọ̀ ọ́ lónìí. Wọ́n torin bọnu wá. Aṣọ àkọ́kọ́ pàá, èédú ta jáde, ó bà lé àyà sùtánà. Ta ni yóò gbé àmì dúdú dé iwájú pẹpẹ?

Mo dá iṣẹ́ dúró, mo tún un pín. Àwọn tó ń fẹ́ná wà níta, àwọn tó ń lọ aṣọ wà nínú ilé, wọn ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan èédú. Ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ wà láàárín. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń nu ìdí áyọ́ọ̀nù kó tó wọlé. Ìyá Ìjọ fúnra wọn jókòó sẹ́nu ọ̀nà bí oníbodè. Bàbá akọrin kan ní ẹnu ọ̀nà ọ̀run ò le tó báyìí. Ìyá Ìjọ ní ọwọ́ ẹ̀ náà ni wọ́n ó kọ́kọ́ wò níbẹ̀. A tún sùtánà alámì fọ̀, ó mọ́.

Ìrọ̀lẹ́, iná dé. Ariwo sọ, wọ́n fẹ́ sáré sídìí áyọ́ọ̀nù iná. Mo ní kẹ́nikẹ́ni má kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ẹ̀. Wọn ò tíì kùn tán tí iná fi tún lọ. Ẹ̀rín la fi parí iṣẹ́.

Lọ́jọ́ Àìkú, ìjọ funfun báláú. Ẹ̀ka wọn ní Ìyànà Ọ̀fà ti ní àwọn náà ń kó aṣọ bọ̀. Mo ti ra áyọ́ọ̀nù eléèédú tèmi. Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé ibí, ògiri nìkan ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Ní báyìí, bí iná bá ti lọ, aládùúgbò á ti máa kan ilẹ̀kùn pé èédú ti jó.

Mo gbọ́ pé ẹ ti gbá yàrá sílẹ̀ dè mí, ìyá mi. Ẹ ṣeun. Ẹ kó iṣu sínú ẹ̀.

Ẹ ó pẹ́ fún wa, ẹ ó jẹun ọmọ. Ẹ bá mi kí tẹrú tọmọ agbo ilé wa.

Èmi ni ọmọ yín tó ń lọṣọ l'Ólódò,
Àbẹ̀kẹ́