Ìrun Mélòó Ló Wà Láàárín Vancouver àti Kétu?

Màmá mi, ẹ kú ilé o, ẹ kú ojú lọ́nà wa. Mo dọ̀bálẹ̀, bí orúnkún ò tilẹ̀ gbà mí mọ́. Mo kí Sìdí àbúrò mi tó ń tọ́jú yín, tí yóò ka lẹ́tà yìí sí yín létí. Sìdí, jọ̀ọ́, má fo ìlà kankan. Kí gbogbo ẹbí lè gbọ́ ni mo ṣe kọ ọ́ ní gbangba.

Òjò Vancouver níbí kì í rọ̀ kó dá bíi tilé. Ó kàn ń sẹ̀ ṣáá ni. Mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, àwọn ọmọ ti kó lọ sílé tiwọn. Lọ́jọ́ mìíràn, ohùn yín lórí fóònù nìkan ni Yorùbá tí mò ń gbọ́. Ẹ̀jẹ̀ tó dì sí mi lẹ́sẹ̀ kò tíì yọ́, dókítà sì ní n kò gbọ́dọ̀ wọ bàálù títí yóò fi yọ́.

Ní Jímọ̀ tó kọjá, ẹ bi mí bí ọ̀nà ibí ṣe jìn tó. Mo gbé ìwé mi dé: mo ní ó tó ẹgbẹ̀rún méjìlá kìlómítà, pé kò sí bàálù tó ń lọ tààrà, pé n ó sọ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù, n ó jókòó, n ó tún wọ òmíràn. Ẹ ní ẹ ò bèèrè kìlómítà, ẹ ò fẹ́ ra ilẹ̀. Ẹ ní tí wọ́n bá pè mí lẹ́yìn Àsùbá ní Kétu pé ẹ ti lọ, ìrun wo ni n ó bá wọn kí níbẹ̀? Mo ṣírò rẹ̀ lọ, mo ṣírò rẹ̀ bọ̀. Àílà á kọjá, Alásàrì, Màgàríbí, Ìṣáì. Àsùbá ọjọ́ kejì á bá mi lójú òfúrufú, ìyẹn tí mo bá tètè rí bàálù wọ̀. Ẹ rẹ́rìn-ín, ẹ wá bi mí bóyá a ó ki ẹ̀yin náà bọ yìnyín bí ẹja òkú Èkó tí wọ́n ń tà ní Mile 12, bíi ti Bàbá.

Bàbá ti sọ pé ọjọ́ tí òun bá kú ni kí wọ́n sin òun. Èmi àkọ́bí ni mo pàṣẹ láti ibí pé kẹ́nikẹ́ni má gbẹ́ ilẹ̀ kí n tó dé. Ààfáà bẹ̀ mí, ẹ̀yin náà bẹ̀ mí. Mo ní ayé ti là. Bàálù kejì kò gbéra bó ṣe yẹ, ọjọ́ mẹ́rin ni Bàbá fi wà ní mọ́ṣúárì. Nígbà tí mo bu yẹ̀pẹ̀ sí i, àwọn èèyàn ní mo ṣe bí ọmọ. Ẹ̀yin nìkan ni ẹ ò bá wọn yìn mí. Ìgbéraga ni, Màmá, mo sì pè é ní ìfẹ́. Ẹ foríjì mí.

Ìdáhùn tí n kò lè fún yín lórí fóònù nìyí. Sìdí, gbé ohùn sókè: Màmá ò ní wọ yìnyín. Lọ́jọ́ náà, kí Ọlọ́run jẹ́ kó jìnnà, ẹ má dúró dè mí. Bí mo bá pè, tí mò ń sunkún, tí mo tún ń pàṣẹ bí àkọ́bí, ẹ má dá mi lóhùn. Ẹ ka lẹ́tà yìí sí mi létí, kí ẹ sì máa bá iṣẹ́ yín lọ.

Kí Ọlọ́run fi ọjọ́ kún ọjọ́ yín, kó jẹ́ kí ẹsẹ̀ mi tètè sàn, kí n wá bá yín láàyè, kí ẹ bú mi lójúkojú. Ẹ bá mi kí gbogbo ará ilé àti aládùúgbò, ẹ kí Ààfáà. Tí ẹ bá kí Àsùbá lọ́la, ẹ rántí mi. Alẹ́ òní ṣì ni yóò jẹ́ lọ́dọ̀ tèmi.

Ọmọ yín,
Láṣísì