Okùn Ẹ̀yìn Ojú Oyèdèjì

Ọjọ́ Ajé, 9 Fẹ́búárì 1998

Epo kò sí ní Ore. Ìlà ọkọ̀ ti ilé epo dé ẹ̀bá títì Benin, sójà kan ń fi bẹ́líìtì tò wọ́n. Èyí tó kù nínú dúrọ́ọ̀mù ọsibítù wa kò ju àlọ Ìbàdàn ẹ̀ẹ̀kan lọ. Èmi alábòójútó ti kìlọ̀ fún Joshua awakọ̀: bí n kò bá sọ, kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án.

Ọ̀sán — wọ́n fi ọ̀kadà gbé ọkùnrin kan wá láti Ajue. Oyèdèjì, ará Ọ̀yọ́, ó ń dáko lórí ilẹ̀ onílẹ̀ níbẹ̀. Ó ń kọ ẹyìn, ìdì kan já lé e lórí. Ó dákú, ó jí. Ó ń sọ̀rọ̀, ó ń bì. Ṣé ká gbé e lọ Ìbàdàn, níbi tí ẹ̀rọ tó ń ya inú orí wà, àbí ká dá a dúró? Mo bi Àgbà-Ìwé — Dókítà Akínwọlé wa, tó ń kàwé nígbà tí ẹlòmíràn ń jẹun. Ó ní òun ò lè sọ.

Èsì tí mo kórìíra jù láyé.

Ìṣẹ́gun, 10

Àgbà-Ìwé ti rí ọgbọ́n kan nínú ìwé àwọn dókítà tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ fi ránṣẹ́ láti Jámánì. Okùn kan wà lẹ́yìn ojú tó wọnú ọpọlọ lọ. Ó ní awọ. Bí orí bá ń wú nínú, awọ náà á nípọn. Ẹ̀rọ tí a fi ń wo aboyún lè wọ̀n ọ́n, kí aláìsàn ṣáà ti di ojú. Bó bá ju mìlímítà márùn-ún lọ, ewu dé.

Ó dára. Nọ́ńbà ni mo fẹ́.

Ó wọ̀n ọ́n: 5.4. Mo ti ń pe Joshua. Ni Àìná bá ní kí òun náà wò ó — nọ́ọ̀sì tó ń fi ẹ̀rọ yẹn wo aboyún lójoojúmọ́. 4.4. Ojú kan náà! Àgbà-Ìwé ní Àìná kò wọ̀n ọ́n níbi tó yẹ. Àìná ní, "Dókítà, ẹ̀yin lẹ̀ ń tẹ ojú ọkùnrin yìí bí ẹni ń fún ọsàn." Àgbà-Ìwé tún un wọ̀n: 5.1. Ó tún tún un: 5.6. Bí ẹni tó ń wọn gààrí lọ́jà Ore bá ṣe báyìí, wọ́n á gba igbá lọ́wọ́ rẹ̀.

Mo ro ti àkọ́kọ́ àwọn méjèèjì pọ̀, mo pín in sí méjì, bí wọ́n ti kọ́ wa nílé ẹ̀kọ́ òwò. 4.9. Kò tó márùn-ún. Kó dúró. Kí epo dúró.

Ọjọ́rú, 11

Oyèdèjì kò bì mọ́. Gbogbo nọ́ọ̀sì ló ń yìn ín, ó lẹ́kọ̀ọ́. Ó ń dọ̀bálẹ̀ fún gbogbo wa, títí kan Miracle tó ń nu ilẹ̀, tó lè bí lọ́mọ. Àìná ní, "Ará Ọ̀yọ́! Ìdọ̀bálẹ̀ ni wọ́n fi ń jẹ ẹ̀kọ àárọ̀. Tó bá jẹ́ Ìkálẹ̀ wa ni, ẹ̀yin lẹ máa kọ́kọ́ kí i." Mo rẹ́rìn-ín. Ọkàn mi kò kúkú balẹ̀, n kò mọ ìdí.

Ọjọ́bọ̀, 12

Wọ́n tún wọ̀n ọ́n. Àgbà-Ìwé: 5.3. Àìná: 4.7. N kò pín nǹkan kan sí méjì lónìí.

Ẹtì, 13

Ìyàwó rẹ̀ dé — Ẹfúnróyè. Ìsìnkú ló gbé e lọ sílé, kò sì tètè rí ọkọ̀ padà. Bó ti wọlé, ọkọ rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún un. Fún ìyàwó rẹ̀. Nọ́ọ̀sì kan tiẹ̀ pàtẹ́wọ́.

Obìnrin náà fẹ̀yìn ti ògiri. Ó ní ìgbà wo ló ti ń ṣe báyìí. Mo ní láti Ọjọ́rú. "Ẹ wá ń wò ó? Ẹni tí kò dọ̀bálẹ̀ fún baálẹ̀ kí wọ́n tó fún un nílẹ̀? Kò mọ̀ mí, mà. Kò mọ ẹnì kankan nínú yín. Gbogbo ayé ti di àgbà lójú rẹ̀."

Àgbà-Ìwé fẹ́ lọ gbé ẹ̀rọ. Mo ní ọkùnrin náà ni kó gbé, kó gbé e sọ́kọ̀.

Wọ́n ti lọ. Dúrọ́ọ̀mù ṣófo.

Àbámẹ́ta, 14

Tẹlifóònù kò lọ. Kò sí ìròyìn.

Ìṣẹ́gun, 17

Joshua dé. Ẹ̀jẹ̀ dì sínú orí Oyèdèjì, wọ́n ti ṣí i, wọ́n kó o jáde. Yóò yè. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ kò gbéra. Dókítà ibẹ̀ ní ká ní ó tètè dé ni, bóyá. Joshua sọ ti ẹ̀rọ wa fún un, ó wá ní kó bi wá: mélòó la wọ̀n lójú rẹ̀?

Mélòó? Àgbà-Ìwé wọn 5.4. Àìná wọn 4.4. 4.9 tó dá a dúró níbí, kò sẹ́ni tó wọ̀n ọ́n. Kò sí lójú rẹ̀ rí. Bírò mi ló bí i.

Ṣé Àgbà-Ìwé ló wá tọ̀nà? Òun náà tó wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mẹrin tí kò bára mu? Ó tọ̀nà ni, àbí ó kàn ṣe kòńgẹ́? Mo bi í. Ó ní òun ò lè sọ. N kò bínú lọ́tẹ̀ yìí.

Ọjọ́ Ajé, 23

Ẹfúnróyè gbé epo pupa wá dúpẹ́. Mo ní òun ló rí i, kì í ṣe àwa. Ó ní kí n má rẹ ara mi sílẹ̀. "Ẹ wo ojú, ẹ rí ọpọlọ. Mo ti sọ fún gbogbo ayé, mà."

Ìṣẹ́gun, 24

Lóòótọ́ ló sọ. Bẹ́ńṣì kún kí n tó dé — ará Ajue, ará Agbabu, Bàbá Owólabí tí orí ń fọ́ láti ọdún èṣí, ìyá kan tó gbé ọmọ tó já bọ́ lórí igi dání. Wọ́n ti gbọ́ pé ojú ni a ń dì. Gbogbo wọn ti jókòó, wọ́n dijú, wọ́n ń dúró.

Àgbà-Ìwé ti tan ẹ̀rọ. Àìná dúró sí apá kejì. Àwọn méjèèjì ń wò mí.

Ó lè jẹ́ pé orí ẹnì kan nínú wọn ń wú lóòótọ́. N kò mọ èwo ni.