Ẹ̀rọ Ìránṣọ Tí Wọ́n Pè Ní Tiwa

Olóòtú ètò wa lórí rédíò, mo kí yín o, ẹ kú làálàá wa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ mi, torí ẹ̀gbọ́n ọkọ mi lẹni tó ṣe mí yìí.

Ọdún mọ́kànlá ni mo fi bá wọn rán kọ́tìnnì nílé-iṣẹ́ wọn. Ẹ̀rọ ìránṣọ tí ìyá mi fi sílẹ̀ fún mi ni mo gbé lọ síbẹ̀. Bí oníbàárà bá bi wọ́n pé ta ló ni ín, wọ́n á ní, "Tiwa ni." Inú mi a dùn, mo rò pé ẹbí ni wọ́n ń wí.

Nígbà tí gbèsè wọ ilé-iṣẹ́ náà lọ́rùn, kóòtù yan ọkùnrin kan pé kó ta gbogbo ohun ìní ibẹ̀, kó fi san gbèsè náà, kó sì ti ilé-iṣẹ́ náà pa. Ó ń lẹ nọ́ńbà mọ́ nǹkan kọ̀ọ̀kan. Ó dé ìdí ẹ̀rọ mi, ó ní, "Ta ló ni èyí?" Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ò tiẹ̀ wojú mi. "Tiwa ni." Bó ṣe lẹ nọ́ńbà mọ́ ọn nìyẹn. Ó nawọ́ sí mọ́tò tó wà níta. Wọ́n yára dáhùn: "Ìyẹn kẹ̀? Tèmi ni o!"

Mo figbe ta. Ọkùnrin náà ní kí n mú rìsíìtì wá. Olóòtú, èwo ni rìsíìtì nínú ogún ìyá? Ó sì tà á mọ́ gbèsè.

Lánàá, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi pè mí: "Ìyàwó wa, a ti rí ṣọ́ọ̀bù tuntun. Máa bọ̀, tiwa náà ni."

Ọkọ mi ní kí n jẹ́ kó tán níkùn mi, kí n lọ. Ẹ̀yin olùgbọ́, ẹ bá mi bi wọ́n: tiwa wo?